Ìwọ̀n Irin Tí Mi Ò Mọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nílé iṣẹ́ àwọn tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe, mo kùnà, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe. Lẹ́tà ìlà méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ìlà kìíní sọ pé wọn kò gbà mí. Ìlà kejì sọ pé mo lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì kò gbọ́dọ̀ padà wá mọ́ láé. Wọn kò sọ ìdí kankan. Mo yí lẹ́tà náà sẹ́yìn, mo sì wo inú àpòòwé. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà náà. Ilé iṣẹ́ bàtà tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá ti kógbá wọlé, wọ́n sì ti ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn oníirin àlòkù. Ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n kì í gba ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún láti wá kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi. Ká ní iṣẹ́ lásán ni mò ń wá ni, ǹ bá wá a gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ àtẹ òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra nǹkan, wọ́n á ti tà á fún mi tán, n ó ṣì dúró síbẹ̀, n ó máa wo bí ọwọ́ òṣùwọ̀n ṣe ń gbọ̀n kó tó dúró jẹ́ẹ́. Ta ló sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀ yẹn? Gbogbo ẹni tí mo bi ló lé mi lọ sílé.

Àǹtí, àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà karí ju èmi lọ. Ó ti ṣe intafíù mọ́kàndínlógún láyé rẹ̀, iṣẹ́ méjì ló rí gbà nínú wọn, ó sì gbà pé ìyẹn ló sọ òun di ọ̀gá.

“Ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún,” ló máa ń wí, “ta ló tún fẹ́ fi kòtò hàn án?”

Ó ní ìwé àjákọ kan tó kọ òfin sí. Lójoojúmọ́, tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á gbé àga méjì kojú ara wọn ní pálọ̀, á tún wọ bàtà gíga rẹ̀ padà, á sì di ọ̀gá ilé iṣẹ́.

“Wọlé.”

Mo wọlé.

“Padà jáde. O wọlé bí ẹni tó wá ka mítà.”

Mo padà jáde, mo tún wọlé. “Ẹ káàsán, mà.”

“Jókòó. Kí ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ?”

“Mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, mà.”

“Háà! Olófìn-íntótó, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni? Sọ pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù.”

“Àmọ́ kùdìẹ̀-kudiẹ mi ni wọ́n ní kí n sọ.”

“Wọ́n ní kí o sọ ọ́, wọn ò ní kí o ní in.”

“Àǹtí, ẹ̀yin náà, kí lẹ sọ nígbà tí wọ́n bi yín?”

“Èwo nínú mọ́kàndínlógún?”

“Àwọn méjì tí wọ́n ti gbà yín.”

Ó gbójú sókè, ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. “Wọn ò bi mí,” ló wí, ó sì ní kí n tún padà jáde.

Òfin kìíní inú ìwé àjákọ rẹ̀ ló fi bírò pupa fa ìlà méjì sí lábẹ́: Má sọ pé o kò mọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ ohun tó bá sún mọ́ ọn, kí o sì sọ ọ́ bí ẹni tó bí i lọ́mọ. Mo kọ́ gbogbo òfin náà sórí, méjìlélógún ni wọ́n, nítorí ohun tí a bá bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká parí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ là ń fi ṣòfò. Oògùn tí a bá ń lò kí á tó mọ àrùn, omi lásán ni. N kò tíì mọ ohun tó pa mí lẹ́ẹ̀kìíní.

Mo mú abala ìwé kan, mo sì kọ ohun gbogbo tí mo ṣe lọ́jọ́ náà sílẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wọ géètì wọn títí tí mo fi jáde. Mo dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àkókò. Ìwé ẹ̀rí mi pé. Mo kí wọn, mo dúró títí wọ́n fi ní kí n jókòó. Wọ́n bi mí ní iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí, mo sọ ọ́ láìbù mọ́ ọn. Mo fi ìlà pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ṣe ń pa orúkọ ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí nǹkan sọnù rẹ́. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló kù: irin.

Kí wọ́n tó pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo wa sínú yàrá kan. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n kan lórí àti irin ìwọ̀n kan. Wọ́n ní kí á wọn irin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí á kọ ohun tí a bá rí. Wọ́n fín igba gíráàmù sára irin tèmi. Mo gbé e sórí àtẹ, ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró síbi igba ó dín mẹ́rin. Mo tún un gbé, igba ó dín mẹ́ta. Mo tún un gbé, igba ó dín mẹ́rin. Mo wò ó pé òṣùwọ̀n wọn ti bàjẹ́, kò sì yẹ kí n dójú ti onílé nínú ilé rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà: igba, igba, igba.

N kò fi ìlà pa ìyẹn rẹ́. Àmọ́ n kò tíì rí ẹ̀bi mi níbẹ̀. Ṣebí igba ni wọ́n fín sí i lára?

Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì wa ló là mí lójú, kò sì mọ̀ pé òun là mí lójú. Mo lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń gbé àpò ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n tẹ kílò mẹ́wàá sára àpò náà gbàgàdà. Ó wo òṣùwọ̀n, ó mú ẹfun, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé kílò mẹ́sàn-án àti ààbọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” mo ní, “ṣebí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé mẹ́wàá ni?”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Àwọn tó rọ ìyẹ̀fun sínú rẹ̀.”

“Ó dáa. Sáré lọ pè wọ́n wá. Bí búrẹ́dì mi bá kọ̀ tí kò wú, àwọn ni wọn ó wá jẹ ẹ́. Àpò ò lójú, ọmọ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń kọ.”

Mo dúró gbagidi síwájú rẹ̀ débi pé ó béèrè bóyá ara mi ò yá. Kì í ṣe àìsàn. Ohun tí mo ti ń wá láti oṣù méjì ni mo rí lára ògiri tí ẹfun ti kún. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo rí, mo sì kọ ohun tí ẹni tí n kò mọ̀ rí fín sára irin.

Láti ọjọ́ náà, mo sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì pé n ó máa bá a kó páànù láàárọ̀ bó bá lè jẹ́ kí n máa lo òṣùwọ̀n rẹ̀ fún wákàtí kan tó bá ti ṣíwọ́. Ó ní iṣẹ́ wèrè ni mo fẹ́ ṣe, àmọ́ páànù òun wúwo. Mo wọn gbogbo ohun tó wọ ọwọ́ mi: àyọ́ọ̀nù Àǹtí, ife, òkúta, ìwé atúmọ̀ èdè. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe bàtà, n kò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ yẹn pé bàtà ọ̀tún àti bàtà òsì kì í wúwo bákan náà. Mo tún rí i pé bí mo bá wọn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọwọ́ òṣùwọ̀n kì í dúró sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Á sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, á sún díẹ̀ sósì. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń sún. Bí mo bá gbé nǹkan síbi etí àtẹ dípò àárín, ó ń sún. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé èyí náà wà lára intafíù?” Àǹtí béèrè nígbà tó bá àyọ́ọ̀nù rẹ̀ nínú àpò mi.

“N kò tíì mọ̀, mà.”

“Òfin kìíní o!”

Oṣù mẹ́fà pé. Àwa mẹ́fà la jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Ọkùnrin kan tó de táì pupa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ti kùnà rí. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ẹ̀kejì yín rèé? Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo bá ẹnì kan tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá sọ̀rọ̀.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo bẹ́ńṣì na etí. “Irin yẹn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta o! Ẹni tó bá kọ ọ́ bákan náà, ìta. Ẹ jẹ́ kó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.”

“Bí òṣùwọ̀n ò bá wí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?” mo bi í.

“Á wí bẹ́ẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tí kì í wí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin iwájú la ó wò sáré, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì gan-an ló sọ yẹn. Inú mi dùn, ó sì tún bàjẹ́ díẹ̀. Mo kó páànù tó pọ̀ fún ohun tí òun gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Obìnrin kúkúrú kan tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ àwọ̀ eérú ló ṣílẹ̀kùn. Òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é, pẹ́ńsù kan sì wà nínú irun rẹ̀ tí ó dà bíi pé ó ti gbàgbé.

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” ló wí. “Ẹ wọn irin tó wà níwájú yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí.” Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Wọ́n fín ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù sára irin tèmi. Mo gbé e sí àárín àtẹ. Ọwọ́ òṣùwọ̀n fò, ó dúró síbi ọ̀ọ́dúnrún. Mo gbé e kúrò, mo tún un gbé. Ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀ọ́dúnrún gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín ní ìbú irun.

Mo rántí: bákan náà, ìta. Onítáì ti kọ tirẹ̀ tán, ó ti káwọ́ sáyà. Mo mú bírò. Mo kọ ọ̀ọ́dúnrún ó dín ọ̀kan. Inki rẹ̀ ò tíì gbẹ tí ìtìjú fi mú mi. Ta ló rí ìyẹn? Kì í ṣe ojú mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo gba irin gbọ́. Nísinsìnyí, Onítáì ni mò ń gbà gbọ́. Ẹni tí mò ń tẹ̀ lé nìkan ló yí padà. Mo fi ìlà kan pa á rẹ́, mo sì kọ ọ̀ọ́dúnrún nígbà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi nítorí ohun tí mo rí.

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ n kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń wọn nǹkan, n kò sì rí òṣùwọ̀n tó wí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí rí. Mo tún wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró. Kò gbọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n máa ń gbọ̀n kó tó dúró. Ojú mi ti mọ ìyẹn láti kékeré. Èyí dúró bí ẹni tó fi imú gbá ilẹ̀kùn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé nínú àpò mi, mo gbé e lé irin lórí. Ọ̀ọ́dúnrún. Mo gbé irin kúrò, mo fi kọ́kọ́rọ́ nìkan sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ogójì, ó gbọ̀n, ó dúró. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé: Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé irin yìí lórí, òṣùwọ̀n kò kúrò lójú ọ̀ọ́dúnrún. N kò mọ ìwọ̀n irin yìí.

Èmi ni wọ́n pè kẹ́yìn. Ìyá Òṣùwọ̀n jókòó sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Òṣùwọ̀n tí mo lò àti irin náà wà láàárín wọn. Mo kí wọn. Wọ́n ní kí n jókòó.

“Kí ni ìwọ̀n irin yìí?” Ìyá Òṣùwọ̀n béèrè.

Mo rí bírò pupa Àǹtí níwájú mi, ìlà méjèèjì. “Mi ò mọ̀, mà.”

“O ti fọwọ́ kàn án. O ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n fín ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. O ò sì mọ̀?”

“Kò dín ní ọ̀ọ́dúnrún, mà. Ìyẹn ni mo mọ̀. Bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n yìí ò lè sọ ọ́.”

“Kí lo pa rẹ́ níbí?” Onígíláàsì Méjì na ìka sí ìwé mi.

“Irọ́ ni, sà.”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wọ tiwájú orí. “Irọ́ ta ni?”

Ó rọrùn láti sọ pé ti Onítáì ni. “Tèmi ni, sà. Èmi ni mo mú bírò.”

Ìyá Òṣùwọ̀n ṣí fáìlì kan, ó sì fa ìwé kan yọ. Ìwé mi ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni: igba, igba, igba. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀: Ó ka irin, kò ka òṣùwọ̀n.

“Kí ló dé tí ẹ ò fi kọ èyí sínú lẹ́tà mi, mà?” Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rántí pé àwọn ló yẹ kó máa bi mí.

“Ká ní a kọ ọ́ ńkọ́?”

“Ǹ bá ti tètè mọ̀.”

“O ò ní mọ̀. Wà á gbọ́ ni.” Ó gbé ìwé márùn-ún yòókù sọ́wọ́, ó ń ṣí wọn bí ẹni ń ṣí ewé. “Àwọn wọ̀nyí gbọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ó dín ọ̀kan, ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọ̀kan. Márààrún. Òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni mo fọwọ́ ara mi há ní ọ̀ọ́dúnrún láàárọ̀ yìí. Ibo ni wọ́n ti rí èyí tó lé ọ̀kan?”

Onígíláàsì Méjì rẹ́rìn-ín. “Wọ́n rí i lójú àlá.”

“Kí lẹ fi há a, mà?” mo béèrè.

Ìyá Òṣùwọ̀n na ọwọ́ sínú irun rẹ̀, ó rí pẹ́ńsù, ó tún dá a padà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì ti súkúdíráfà kékeré kan sọ́dọ̀ mi.

Ìdè mẹ́rin ni mo tú. Mo gbé ojú òṣùwọ̀n kúrò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Sípíríǹgì kan ló wà nínú rẹ̀, kò gùn ju ìka mi lọ, ó so mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tó ní eyín wẹ́wẹ́, eyín náà sì bu kẹ̀kẹ́ róbótó kan jẹ lẹ́nu. Mo fi ìka tẹ àtẹ. Sípíríǹgì nà, eyín yí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ rìn. Mo gbé ìka kúrò, ó padà sí òdo, ó gbọ̀n díẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé kó dúró. Sípíríǹgì ló ń fà á sẹ́yìn, ẹrù ló ń fà á síwájú. Ibi tí agbára wọn bá ti dọ́gba, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń béèrè, ìdè mẹ́rin péré ló sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo rí píìnì kan tí wọ́n gún sẹ́yìn ibi ọ̀ọ́dúnrún. Mo fà á yọ, mo gbé e sórí tábìlì.

“Ọjọ́ Ajé, aago méje,” Ìyá Òṣùwọ̀n wí. “Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀. Kí o sì dé ojú òṣùwọ̀n mi padà kí o tó lọ.”

Àǹtí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé, ìwé àjákọ wà lábíyá rẹ̀.

“Kí ni wọ́n bi ọ́?”

“Ìwọ̀n irin kan.”

“O sọ ọ́?”

“Mo ní mi ò mọ̀.”

Ó káwọ́ lérí. “Yéè! Òfin kìíní! Oṣù mẹ́fà! Olófìn-íntótó, o ti bà á jẹ́ pátápátá!”

“Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mà.”

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ pálọ̀, ó jókòó sórí àga ọ̀gá, ó ṣí ìwé àjákọ sí ojú ewé kìíní, ó sì mú bírò pupa. Ó wo òfin náà pẹ́, kò pa á rẹ́, kò sì ti ìwé náà.

“Irin ọ̀hún gan-an,” ló wí níkẹyìn, “báwo ló ṣe wúwo tó?”

“Mo tún un wọ̀n nígbà tí mo yọ píìnì. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún, lẹ́ẹ̀kìíní.”

Àǹtí fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

“Lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?”